Ojú-Ìwọ̀n àti Igi Tó Pẹ́

Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé bí o bá sáré wá sọ fún wọn pé ilé wọn ń jó, wọn á ní àwọn ti mọ̀ láti àná. Ọ̀gá káfíńtà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀ yìí, aṣáájú wọn ni. "Mo ti mọ̀" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kí i pàápàá.

Ojú-Ìwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ náà, òun ló sọ ara rẹ̀. Ó ní láti ọdún méjìlélógún tí òun ti ń fi òòlù jẹun, òun ò fi téèpù wọn igi rí. Òun á di ojú òsì, òun á fi tọ̀tún wo igi láti ìdí dé orí, ìwọ̀n ti jáde nìyẹn. Bí ilẹ̀kùn bá wá kọ̀ tí kò wọ férémù, á ní ògiri ló sún.

Òwe ò sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu àfi bó bá kọ́kọ́ fi rándà fá a. "Bí ọmọdé bá níwèé ju àgbà lọ, kò lè ní àpá òòlù tó àgbà" ni èyí tó fẹ́ràn jù. Òótọ́ ni o, àpá òòlù kún àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tó ń ránṣọ, a máa ní àwọn àpá náà jẹ́rìí pé ojú tó ń wọn igi ò rí ìṣó. Ní ti obìnrin yìí, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń wọn aṣọ kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Àlàáfíà wà láàárín wọn nítorí pé ọ̀kan kì í dá sí iṣẹ́ èkejì.

Ṣùgbọ́n orúnkún ò mọ ìyangàn. Ó ti tó ọdún méjì tí orúnkún ọ̀tún ọ̀gá wa ti ń ké bó bá ti gun àkàbà dé ìdajì. Ìyá Ìbejì nìkan ló sọ fún. Nígbà tí òkìkí wá kàn pé olórí àwọn káfíńtà yunifásítì ìjọba fẹ́ fẹ̀yìn tì, àti pé ẹni tó bá ṣe òrùlé gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tuntun dáadáa ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, ọkàn Ojú-Ìwọ̀n fò sókè, nítorí òun ni wọ́n gbé òrùlé náà fún. Àga onítìmùtìmù kan ni, tábìlì kan, àti iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ẹnu ṣe láti ìsàlẹ̀. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé ó ń jókòó lójú oorun. Bí kò bá rí i gbà, àkàbà ló kù, àkàbà ò sì fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

Ẹlòmíràn á gbàdúrà, á pa ẹnu mọ́. Òun lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ káfíńtà, ó ní kí wọ́n máa retí lẹ́tà tí yunifásítì máa kọ sí òun.

Igi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe òrùlé náà kì í ṣe igi inú igbó wa. Òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Igi ìdábùú mẹ́sàn-án ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju bọ́ọ̀sì méjì lọ, wọ́n sì fi ọ̀rá funfun wé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n já a sílẹ̀, Ojú-Ìwọ̀n fa ọ̀rá kan ya. Ó fi ìka kan igi náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fi ahọ́n kan án. Àwọn káfíńtà mẹ́fà abẹ́ rẹ̀ dúró tì í.

"Igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé ọ̀kọ̀ọ̀kan," ló wí. "Igi náà á ti tó igba ọdún. Etí odò ló hù sí, mo gbọ́ òórùn omi lára ẹ̀."

Ẹnjinníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò ju ẹgbẹ́ àwọn ìbejì rẹ̀ lọ, rọra mi orí. "Bàbá Ìbejì, kì í ṣe igi kan o. Pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo ìlà ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Awakọ̀ kréènì, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lára òun, yọjú láti inú ọkọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá, àbí etí odò ni ilé iṣẹ́ náà wà?"

"Mo ti mọ̀," ni Ojú-Ìwọ̀n fèsì. "Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ẹ̀yin náà mọ̀ ni."

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù yìí dùn ún wọ egungun. Gọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ ìwé ni wọ́n fẹ́ fi gbé òrùlé lé àwọn ọ̀mọ̀wé lórí? Ó ní òjò àkọ́kọ́ ló máa tú u ká, òun á sì fi han gbogbo ayé lójú ẹsẹ̀. Ó bu omi garawa kan, ó dà á sí ìdí igi kan, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń dúró. Igi ò sọ nǹkan kan. Ó da èkejì. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti da garawa mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ sì dúró sínú ẹrẹ̀ tó dá sílẹ̀.

Nǹkan kan là lóòótọ́. Bàtà rẹ̀ ni. Atẹ́lẹsẹ̀ tọ̀tún kọ́kọ́ yanu, tòsì tẹ̀ lé e. Gọ́ọ̀mù aṣebàtà àdúgbò ni wọ́n fi lẹ ìyẹn. Ó fi okùn so méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀, ó ní ooru ló ń mú bàtà náà, òun fẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnjinníà ní láti lọ sí èbúté lọ gba páànù òrùlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló máa lò. Ó mú ìwé àwòrán iṣẹ́ náà wá fún Ojú-Ìwọ̀n.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé igi kankan láìwo ìwé yìí. Ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára igi ni kó..."

"Mo ti mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, sà."

"Ọmọ mi, ohun tí àgbà káfíńtà fi ojú kan rí, bí ọmọdé gun orí kọ̀ǹpútà, kò lè rí i. Máa lọ. Ọkọ̀ ń dúró dè ọ́."

Ọkọ̀ ń dúró lóòótọ́, dírẹ́bà sì ti ń fun fèrè. Ẹnjinníà wo ojú ọkùnrin yìí, ó fi ìwé lé e lọ́wọ́, ó lọ. Ojú-Ìwọ̀n ṣí ìwé, ó rí ìlà, ó rí nọ́ńbà, ó rí ọfà kéékèèké. Tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí òun ló fojú wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gé. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì, tábìlì dúró. Kò sí ìwé kankan tó ṣe é lóore tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá di ojú òsì, ó wo igi àkọ́kọ́ láti ìdí dé orí. Igi náà tẹ̀. Ó wo èkejì, ó tẹ̀. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wú díẹ̀ láàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Orí ibi tó wú yìí ni wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ lẹ́tà mẹ́ta gàgàrà gàgàrà sí: TOP.

Ọ̀gá wa kàwé o, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ó kàwé títí wọ́n fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka èdè wa, kó tó di pé ó sọ fún olùkọ́ pé òun ti mọ̀. Ó pe lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúyẹ́wúyẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Olóòótọ́ làwọn ará òkè òkun yìí o. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ: Tó pẹ́. Igi tó pẹ́ láyé. Wọn ò fẹ́ ká rò pé igi tó bá ti ríjò á jẹrà ni wọ́n tà fún wa."

Awakọ̀ kréènì sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. "Ọ̀gá, lẹ́tà ẹ tó yẹ kó gbẹ̀yìn ò sí níbẹ̀."

"Omi òkun ló jẹ ẹ́."

"Lára gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán?"

"Iyọ̀ ò mọ ojúsàájú."

"Ṣé àwọn tó ṣe é gbọ́ èdè wa ni?"

"Ẹni tó bá fẹ́ tajà, á kọ́ èdè oníbàárà. Padà sínú ọkọ̀ rẹ, jàre."

Káfíńtà kan wà nínú àwọn mẹ́fà náà tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá, bí igi bá wú, ṣebí ibi tó wú la máa ń kọ sókè?"

"Igi tiwa nìyẹn," ni Ojú-Ìwọ̀n wí. "Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sókè, tí páànù bò ó, ta ló máa kà á, àwọn ẹyẹ? Ìsàlẹ̀ ni kó kọjú sí. Ọ̀gá àgbà yunifásítì á wọlé, á gbójú sókè, á kà á pé igi tó pẹ́, á sì béèrè pé ta ló ṣe é."

Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga. Ihò bóòtù tí wọ́n fi ń de igi náà mọ́ ògiri sì bára mu lókè nísàlẹ̀, débi pé kò sí nǹkan kan tó dá a dúró. Nígbà mìíràn, ayé a máa bá èèyàn gbé àṣìṣe rẹ̀ dé ilé láìjẹ́ kó làágùn.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Nígbà tí igi kẹsàn-án jókòó, ọ̀gá wa bọ́ sí àárín gbọ̀ngàn, ó gbójú sókè. Òrùlé náà rọ̀ wálẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí. Ó di ojú òsì, igi tẹ̀. Ó di ojú ọ̀tún, igi tẹ̀. Ó di méjèèjì, ara tù ú díẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí wọ́n tú u, á jẹ́ pé ó ṣìṣe nìyẹn, kò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn. Ó sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé igi náà ń sinmi ìrìn àjò ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ìyá Ìbejì dé pẹ̀lú aṣọ tuntun tó rán fún un, nítorí wọ́n ti ránṣẹ́ pé ọ̀gá àgbà yunifásítì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó na aṣọ sí ọkọ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì gbàgbé láti fi aṣọ náà sílẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn lẹ gbé síta yìí?"

"Ẹ̀yìn kí ni?"

"Ẹ̀yìn igi ni. Aṣọ tí wọ́n bá kọ nǹkan sí létí, inú la máa ń yí ìkọ̀wé ẹ̀ sí. Kì í ṣe torí ká lè máa kà á ni wọ́n ṣe kọ ọ́, torí kí aránṣọ lè mọ ibi tí òun ń lọ ni."

"Ìyá Ìbejì, igi kì í ṣe ṣòkòtò."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ ti jábọ́ bíi ti ṣòkòtò."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ọ̀gá àgbà wọlé, àgbàlagbà kan tó wọ awò, pẹ̀lú akọ̀wé yunifásítì àti ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tí wọ́n dé akoto. Ojú-Ìwọ̀n wọ aṣọ tuntun lé ti iṣẹ́ lórí. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá àgbà, ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ gbójú sókè, kí ẹ kà á."

Ọ̀gá àgbà kà á. Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún kà á.

"Òkè," ló wí.

"Rárá o, sà. Tó pẹ́."

"Kí ló pẹ́?"

"Igi yìí ni, sà. Igi tó pẹ́ láyé. Òkun ló jẹ lẹ́tà ẹ tó gbẹ̀yìn."

Akọ̀wé yunifásítì tẹjú mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gá àgbà ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá káfíńtà, èdè òyìnbó ni wọ́n kọ. Òkè ló túmọ̀ sí. Ibi tó yẹ kó kọjú sí òkè ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kí ló dé tí òkè wà nísàlẹ̀?"

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Kí ọ̀gá wa tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti ṣí: "Mo ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ̀?"

Kò sí bó ṣe lè gbé e mì mọ́. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, sà. Kí ohùn olùkọ́ lè máa bá ikùn igi yìí yọ̀ lọ sẹ́yìn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọgbọ̀n ọdún rèé tí òun ti ń kọ́ni, ohùn òun ò yọ̀ rí. Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn lójú ni ẹnjinníà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wọlé, ó gbójú sókè, ó gbé ọwọ́ lérí. 

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ ni," ló wí. "Sókè ló yẹ kó wú sí. Bí òrùlé bá wá jókòó lé e, ìwúwo ẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ padà, á gún régé. Báyìí tí ẹ ti dojú ẹ̀ bolẹ̀, òrùlé á túbọ̀ máa fà á wálẹ̀ ni. Bàbá Ìbejì, ìwé tí mo fún yín dà?"

Ojú-Ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò aṣọ tuntun. Ìyá Ìbejì, tó rán an, mọ̀ pé kò ní àpò. Jẹ́jẹ́ ti lo ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn tán, ìka ló fi tọ́ka sí ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹnjinníà bẹ̀rẹ̀, ó fa ìwé rẹ̀ yọ. Tábìlì fì, agolo ìṣó tó wà lórí rẹ̀ sì dà lé bàtà ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá àgbà rọra gbọn ẹsẹ̀. "Mélòó ló fi tẹ̀?"

Ojú-Ìwọ̀n di ojú òsì. "Kò ju ààbọ̀ íńṣì lọ, sà."

"Ẹ wọ̀n ọ́n."

 Káfíńtà méje dúró níbẹ̀, ẹnìkankan ò ní téèpù, nítorí ọ̀gá wọn ti ní ẹni tó bá mú téèpù wá síbi iṣẹ́ òun bú ojú òun. Ti ẹnjinníà sì wà nínú ọkọ̀ páànù tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti yọ téèpù aṣọ lọ́rùn. Wọ́n na okùn láti ìdí igi kan dé orí rẹ̀, ó gun àkàbà, ó wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ikùn igi.

"Íńṣì mẹ́ta àti ààbọ̀," ló ké wálẹ̀. Ó fi téèpù padà sọ́rùn. "Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì."

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rí i pé láàárín igi tó tẹ̀ àti ọ̀gá tó tẹ́, àmì ohùn kan péré ló wà. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé ó wá àga jókòó, kò rí. Ẹnjinníà ò bú u. Ó kàn sọ fún un pé igi náà ò bàjẹ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ ló máa pẹ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi tú u, tí wọ́n fi tún un gbé. Ọ̀gá wa gun àkàbà pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́, kò jẹ́ kí wọ́n dá a dúró, orúnkún rẹ̀ ń ké lókè, ó ń dá a lóhùn. Nígbà tí páànù wọ igi lọ́rùn, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gún régé lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nírètí. Ó ń bi ara rẹ̀ pé àbí kí ni wọ́n ń wá, òrùlé kì í ṣe òrùlé ni? Ta ló sì gbé igi lẹ́ẹ̀mejì láyé yìí rí, bí kò ṣe òun?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ káfíńtà tí òjíṣẹ́ yunifásítì gun ọ̀kadà wọlé. Lẹ́tà méjì ló mú wá. Ó fún Jẹ́jẹ́, tó jókòó lẹ́yìn, ní ọ̀kan. Ó ní òun ti dé ilé Bàbá Ìbejì, òun ò bá ẹnìkankan, wọ́n ní ìpàdé ni òun á ti rí ará ilé náà. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Ojú-Ìwọ̀n ti gba èkejì, nítorí òun ló nípọn jù.

Ó dìde. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí òǹtẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin ará mi, mo ti sọ fún yín. Láti òní lọ, ẹ dẹ̀kun pípè mí ní Ojú-Ìwọ̀n. Ọ̀gá Àgbà ni kí ẹ máa pè mí. Akọ̀wé, kà á sókè, kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́."

Ẹ̀yìn ni Jẹ́jẹ́ ti ka tirẹ̀ tán. Ó ká a, ó fi í sápò, ó rọra na ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ máa jókòó sórí àga onítìmùtìmù fún ìgbà pípẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ já lẹ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "'Sí Ìyá Ìbejì, aránṣọ. Inú wa dùn láti gbé iṣẹ́ kọ́tìnì gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn tuntun fún yín, nítorí bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.'"

 Ojú-Ìwọ̀n ṣì na ọwọ́ sókè.

"Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?" ló béèrè. "Wọn ò dárúkọ mi?"

"Ó ku ojú ìwé kan."

"Kà á."

"'Fèrèsé gbọ̀ngàn náà jẹ́ ogójì, wọ́n sì ga. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ mú ọkọ yín dání, kó máa bá yín gun àkàbà.'"